Ràhámọ̀tù àti Ẹ̀wù Fàmíyọ

Àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé kí aṣọ ṣáà ti dára lára, ó parí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Obìnrin kan wà ní Ìwó tó rán aṣọ kan tí kò lẹ́wà rárá, aṣọ tí èèyàn ò lè wọ̀ lọ sí Yídì kí àwọn ọmọdé má fi í ṣẹ̀sín. Síbẹ̀ aṣọ náà níyì ju gbogbo sányán tó wà nínú àpótí àwọn olówó ìlú lọ. Ràhámọ̀tù lorúkọ obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí baba rẹ̀, nítorí ọwọ́ baba wà lára aṣọ ọ̀hún.

Àlùfáà Rájí ni baba rẹ̀. Láàárọ̀, wọn a máa kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Lọ́sàn-án, wọn a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Bí oníbàárà bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó rẹwà, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹwà ló gbẹ̀yìn," wọn a wí. "Ibi tí aṣọ ti máa ń ya ni à ń ṣe ọnà sí. Ẹ wo ọrùn, ẹ wo ẹnu àpò. Òwú kan ò gbé ẹrù, igba òwú tó fara kọ́ra ló ń gbé e."

Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ka iṣẹ́ yìí sí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fẹ́ràn abẹ́rẹ́ nínú àwọn ọmọkùnrin Àlùfáà. Ràhámọ̀tù tó ń ṣa àkékù òwú nílẹ̀ ló di ẹni tó ń fi òwú sábẹ́rẹ́, nígbà tó sì yá, ó di ẹni tó ń ṣe ẹnu àpò. Kó tó pé ogún ọdún, baba rẹ̀ ti ń gbé odindi agbádá lé e lọ́wọ́, wọn a sì máa purọ́ fún oníbàárà pé ọwọ́ àwọn ni. Ọlọ́run á dárí jì wọ́n. Nígbà tí wọ́n kú, máṣíìnì àfẹsẹ̀tẹ̀ kan àti abẹ́rẹ́ ńlá tó lè gún awọ já ni ọmọbìnrin yìí jogún. Ó di télọ̀, Abíọ́nà sì fẹ́ ẹ sílé.

Agbẹ́kànga ni Abíọ́nà. Bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí: ẹni tó fẹ́ wọ kànga á ki ẹsẹ̀ kan bọ garawa, á fọwọ́ méjèèjì di okùn mú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá gbẹ́ ilẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe fà á jáde. Ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló gbójú lé. Bí ooru burúkú tó máa ń sápamọ́ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bá gbá a lójú, tó dákú, tí ọwọ́ tú, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ohun tó pa Dúró nìyẹn ní Olúpọ̀nnà lọ́dún 1982. Dúró ni ọ̀gá tó kọ́ Abíọ́nà níṣẹ́. Ó ń kọrin nísàlẹ̀ kànga lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lókè ń gbe orin, àfi bí orin ṣe dá. Wọ́n mi okùn, okùn fúyẹ́. Abíọ́nà fẹ́ bẹ́ sínú kànga, ọkùnrin mẹ́rin ló dì í mú. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé bí kànga bá mú ẹnì kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e, àfi bí àtùpà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ bá ń jó nísàlẹ̀. Òfin tó dáa ni, ó ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n kí àtùpà tó jó lọ́jọ́ náà, Dúró ti lọ.

Abíọ́nà délé, kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkúùgbà tí ọkọ Ràhámọ̀tù bá ti gbé dígà kọ́ èjìká, títí ọkùnrin náà á fi wọlé, abẹ́rẹ́ á máa gún un lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀dá dé. Ẹni tó bá gbọ́njú nígbà náà á rántí. Ọyẹ́ fẹ́ títí, odò gbẹ, kànga gbẹ, àwọn èèyàn ń fi omi ẹrẹ̀ fọ abọ́. Gbogbo agboolé ló ń wá ẹni tó máa bá wọn jin kànga wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ibi tó jìn gan-an ni ooru burúkú fẹ́ràn. Abíọ́nà ò lè ní òun ò lọ. Ìtìjú ò ní jẹ́ kó sọ ọ́.

Ràhámọ̀tù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, kò dìde. "Bàbá Fàtímọ̀, ẹ ò ní wọ ṣòkòtò péńpé yẹn wọ kànga mọ́."

"Kí wá ni kí n wọ̀? Agbádá?"

"Mo fẹ́ rán nǹkan fún yín. Ohun tó máa di yín mú nígbà tí ọwọ́ yín ò bá lè di okùn mú."

Abíọ́nà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó bá gbé ẹ̀rín mì.

Ràhámọ̀tù lọ bá Àlàní, mẹkáníìkì tí ọgbà rẹ̀ kún fún àwọn Pẹ́jò tó ti kú. Ó tọrọ bẹ́líìtì ara ìjókòó wọn. "Mọ́tò wo lẹ ti rà, Ìyá Fàtímọ̀, tó fi jẹ́ bẹ́líìtì ló ṣẹ́kù?" Àlàní ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó gé mẹ́fà fún un. Ràhámọ̀tù ra kákí tó nípọn, ó gé e ní dàńṣíkí, ó to bẹ́líìtì sí àyà àti abẹ́ abíyá, ó kó gbogbo wọn jọ sẹ́yìn ọrùn níbi tí òrùka irin kan wà fún okùn. Ibi tí bẹ́líìtì bá ti pàdé aṣọ, abẹ́rẹ́ baba rẹ̀ gún ibẹ̀ lọ, ó gún un bọ̀, bí ẹni ń ṣe ọrùn agbádá Lèmọ́mù, títí ibẹ̀ fi le bíi pátákó.

Ní ti gígé, ó gé e bí wọ́n ti ń gé aṣọ ní Ìwó. Télọ̀ Ìwó kì í rán aṣọ kó fún mọ́ èèyàn lára. Á fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, á sì fi àyè ìdàgbà sí i, ì báà jẹ́ baba àádọ́rin ọdún ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Ràhámọ̀tù náà fi àyè sílẹ̀. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ó rọ iyanrìn kún àpò, ó wọ ẹ̀wù náà fún àpò iyanrìn, ó so ó rọ̀ sórí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òwú kan ò já. Inú rẹ̀ dùn débi pé ijó ló ń jó kiri inú ilé. Ó ní kí ọkọ òun lọ pe gbogbo ẹgbẹ́ agbẹ́kànga kí wọ́n wá wò ó. Ìkánjú! Ta ló sọ fún un pé iyanrìn àti èèyàn dọ́gba?

Bàbá Ògúnkúnlé ni olórí ẹgbẹ́, àgbà tó ti wọ kànga tó pọ̀ ju irun orí wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun ọ̀hún ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́. Wọ́n péjọ sídìí kànga gbígbẹ kan tí kò jìn ju ìnàró ọkùnrin méjì lọ. Abíọ́nà wọ ẹ̀wù, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ràhámọ̀tù kígbe sí i látòkè pé, "Ẹ ṣe bí ẹni tó dákú!" Abíọ́nà tú gbogbo ara sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Ó kúrò nílẹ̀ dáadáa. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Àfi bí apá rẹ̀ méjèèjì ṣe nà sókè tí ẹ̀wù bọ́ gba orí rẹ̀ jáde, bí ìgbà tí èèyàn ń bọ́ bùbá. Abíọ́nà ṣubú sínú kànga gbì! Àwọn tó ń fa okùn fa ẹ̀wù òfìfo jáde.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn, Abíọ́nà sì wà nísàlẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó ń pariwo pé kí wọ́n wá gbé òun. Bàbá Ògúnkúnlé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló sì dun Ràhámọ̀tù jù. Wọ́n gbé ẹ̀wù náà, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ọmọ Rájí, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ dáa. Àmọ́ iyanrìn lo rán aṣọ fún. Iyanrìn ò lápá." Wọ́n dá a padà fún un. "Abíọ́nà, kànga Ilé-Ogbó ń retí rẹ bí ẹsẹ̀ bá ti san. Garawa àti okùn tí àwọn baba wa lò náà la máa lò. A ò ṣeré mọ́."

Ràhámọ̀tù sunkún délé. Ojú tì í, ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ẹni tó to ẹsẹ̀ Abíọ́nà sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹsẹ̀ náà máa fi san. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí ọkọ rẹ̀ wọ kànga tó jìn jù lọ tó tíì wọ̀ rí, kò sì sí nǹkan kan tó máa dì í mú.

Ìyá Àbẹ̀ní, ìyá ọkọ rẹ̀, ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá yìí kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ sínú. "Ṣé o ti sunkún tán? Bó o bá ti sunkún tán, omi ọkà ti hó."

Ní ọjọ́ kẹrin, Ràhámọ̀tù ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, Fàtímọ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó ṣa àkísà nílẹ̀, ni Ìyá Àbẹ̀ní bá lọgun, "Rọra o, orí ọmọ ti yẹ̀!" Ràhámọ̀tù bojú wẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan ọmọ. Oorun ti gbé e lọ fọnfọn. Orí ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu là sílẹ̀, apá méjèèjì bọ́ síta, wọ́n ń fì dirodiro. Ọmọ tí kò di nǹkan kan mú. Ọmọ náà ò sì já bọ́.

Ràhámọ̀tù ò nàró mọ́. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìyá ọkọ rẹ̀ fi bi í bóyá ẹ̀yìn ló ń dùn ún.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ọ̀já ti di ọmọ yìí mú?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ìdí ni. Ta ló ń fi abíyá pọn ọmọ?"

"Yéè!" Ràhámọ̀tù ju ìgbálẹ̀ nù, ó gbá orí ara rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní rò pé àkekèé ló ta á. Kí wọ́n tó bi í, ó ti gba ọ̀nà ọgbà Àlàní lọ, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Ó bá Àlàní níbi tó ti ń fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan sókè. Ṣéènì náà gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá lápá méjì. "Bọ̀dá Àlàní, kí ló dé tẹ́ ò so ó lọ́rùn?"

"Kó lè já lù mí?" Àlàní ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìdí ni wọ́n ń gbà gbé ẹrù. Bí ìdí bá ti jókòó, orí á wá àyè tiẹ̀."

Ó parí. Ràhámọ̀tù padà sílé, ó tú gbogbo dàńṣíkí ọjọ́sí. Ṣòkòtò ló gé lọ́tẹ̀ yìí, ó sì gé ìdí rẹ̀ bí ìdí kẹ̀ǹbẹ̀ àtijọ́, kí ọkùnrin lè lósòó nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má ya. Ó mú bẹ́líìtì gba abẹ́ ìdí gẹ́gẹ́ bí ọ̀já, ó yí i ká itan méjèèjì, ó fà á gba ẹ̀yìn dé èjìká, ó fi ọ̀kan di àyà. Ó fi irin ìdè bẹ́líìtì sí i kí wọ́n lè fún un mọ́ra. Gbogbo wọn pàdé lẹ́yìn ọrùn, nídìí òrùka irin. Ó gé rọ́bà inú táyà, ó rán an mọ́ orúnkún. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó, ó fi abẹ́rẹ́ baba rẹ̀ ṣe ọnà sí gbogbo oríkèé aṣọ náà, òwú lórí òwú. Iṣẹ́ tí Àlùfáà Rájí ì bá fi oṣù kan ṣe, ọjọ́ márùn-ún ló fi ṣe é.

"Ó há jù," Abíọ́nà wí nígbà tó wọ̀ ọ́.

"Kó há. Ọ̀já náà há."

Kò fi iyanrìn dán an wò mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó lé gbogbo ọkùnrin jáde, ó wọ ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀. Ìyá Àbẹ̀ní àtàwọn obìnrin ilé mẹ́ta gbé okùn gba orí ẹ̀ka máńgòrò, wọ́n dì í mú. Ràhámọ̀tù pajú dé. Ó tú ọwọ́ sílẹ̀, ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó tú ọrùn sílẹ̀. Wọ́n fà á.

"Ẹ wá wo ìyàwó ọmọ mi lórí igi bí ẹran iléyá!" Ìyá Àbẹ̀ní ń rẹ́rìn-ín, ó ń fà. Ṣùgbọ́n Ràhámọ̀tù ò fèsì. Ó ti jókòó sínú afẹ́fẹ́. Ohunkóhun ò yọ̀, ohunkóhun ò bọ́, ara tù ú débi pé ó fẹ́ sùn. Ẹ̀rù wá ba ìyá. "Ràhámọ̀tù! Ṣé o ti kú ni?"

"N ò kú, Ìyá. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà."

Ọjọ́ Ilé-Ogbó pé. Bàbá Ògúnkúnlé rí ẹ̀wù lọ́rùn Abíọ́nà, wọ́n pòṣé. "O tún ti kó o dé?" Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀ síwájú wọn lórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ní bí kò bá wúlò, kò ṣáà ní pa á lára. Wọ́n ní kó dìde. Kò dìde. Nígbà tó sú wọn, wọ́n gbà. Okùn garawa wà lọ́tọ̀, wọ́n so okùn kejì mọ́ òrùka. Wọ́n sọ àtùpà kalẹ̀, ó ń jó dáadáa. Abíọ́nà wọ kànga.

Ó gbẹ́, wọ́n ń fa yẹ̀pẹ̀ jáde. Ó gbẹ́ títí oòrùn fi dé àtàrí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé dígà rẹ̀ la ibi kan tí ooru burúkú ti dì sí. Ó kígbe lẹ́ẹ̀kan, wọn ò gbọ́ ohun tó sọ. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n mi okùn garawa, okùn fúyẹ́, bí ti Olúpọ̀nnà gẹ́lẹ́.

"Ẹ sọ àtùpà!" Bàbá Ògúnkúnlé kígbe. Àtùpà ò tíì dé ìdajì tó fi kú. "Kí ẹnikẹ́ni má wọ kànga!"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́?" Ràhámọ̀tù ti dé ẹnu kànga, ó ti gbá okùn kejì mú. "Ẹ fà! Ẹ bá mi fà á! Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fà!"

Wọ́n fà. Okùn náà wúwo. Áà, ó wúwo! Kò sí ohun tó dùn mọ́ Ràhámọ̀tù láyé rẹ̀ bí ìwúwo okùn náà, torí ó mọ̀ pé òfìfo kọ́ ló wà nídìí rẹ̀. Òrùka ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn òrùka, orí Abíọ́nà yọ, ó dojú kọ ọ̀run. Apá rẹ̀ méjèèjì ń fì dirodiro. Ó jókòó sínú ẹ̀wù náà pẹ̀sẹ̀ bí Fàtímọ̀ ṣe ń jókòó sínú ọ̀já, aṣọ náà ò sì yẹ̀ níbi kankan.

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ẹ, wọ́n bu omi sí i lójú. Kò mira. Ràhámọ̀tù gbá a létí. Ó gbàgbé pé aya kì í pe orúkọ mọ́ ọkọ lórí. "Abíọ́nà! Abíọ́nà ọmọ Àbẹ̀ní! Abíọ́nà o!"

Ọkùnrin náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó la ojú kan. "Ta ló ń pè mí lórúkọ bí ọmọ kékeré yẹn?"

Kí lẹ fẹ́ gbọ́ mọ́? Ilé-Ogbó gba ariwo. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí gbé Ràhámọ̀tù sókè tọmọtọmọ, Fàtímọ̀ jí, ó fi igbe ta. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bàbá Ògúnkúnlé bọ́ síwájú. Wọ́n wá ṣí fìlà lórí tí kò nírun náà, fún obìnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Ọmọ Rájí, èèyàn lo rán aṣọ fún lọ́tẹ̀ yìí. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa tó bá wọ kànga láìwọ ẹ̀wù yìí, kó má pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ mọ́." Òfin kejì ẹgbẹ́ nìyẹn, obìnrin ló sì mú un wá.

Ìyá Àbẹ̀ní ló sọ ẹ̀wù náà ní Fàmíyọ. Àwọn agbẹ́kànga Kuta wá rán tiwọn, ti Olúpọ̀nnà náà wá. Àwọn tó ń gun òpó iná wá, àwọn tó ń gun ọ̀pẹ wá. Ẹnjiníà kan tiẹ̀ wá láti Òṣogbo, ó gbé Fàmíyọ kalẹ̀, ó ń yí i wò, ó ní ilé-ìwé wo ni Màdáámù ti kọ́ irú ìmọ̀ yìí. Ìyá Àbẹ̀ní dá a lóhùn kí ẹlòmíì tó lanu. "Ilé-ìwé ọmọ pípọ̀n. Bàbá yín ò rán yín lọ síbẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí Ràhámọ̀tù ń retí, tó sì ń bẹ̀rù. Ẹni náà dé lọ́jọ́ kan lásìkò òjò. Mọ́nsúrátù ni, opó Dúró, pẹ̀lú Mùsílíù ọmọ rẹ̀ tó ti pé ogún ọdún. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé Fàmíyọ kan tó wà nílẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ipa abẹ́rẹ́ náà lọ, ó ń tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ká ní èyí ti wà nígbà yẹn." Kò parí rẹ̀.

Ràhámọ̀tù kúnlẹ̀, omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Ìyá Mùsílíù. Ó pẹ́ kó tó yé mi."

"Kò yé ẹnì kankan ṣáájú rẹ." Mọ́nsúrátù nu ojú ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí ọmọ rẹ̀. "Ó ní iṣẹ́ baba òun lòun máa ṣe. Ọdún kan ni mo fi ń sọ fún un pé ojú mi ò ní rí i. Ní báyìí, wọ̀n ọ́n. Má fi àyè ìdàgbà kankan sí i o."

Ràhámọ̀tù dìde, ó fa okùn ìwọ̀nṣọ yí àyà ọmọkùnrin náà ká. Egungun ìhà rẹ̀ ṣì ń hàn síta. "Ọ̀dọ́ ni, Ìyá Mùsílíù. Ó ṣì máa sanra."

"Kó sanra," Mọ́nsúrátù wí. "Bó bá sanra, a ó padà wá kí o rán òmíràn fún un."

Ràhámọ̀tù gé e mọ́ ọn lára ṣinṣin.